Ohun Tí Bàbá Adúmáadán Mọ̀ Lọ́jọ́ Kejì

Tí ẹ bá gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ńlá Àgbówó wọlé, ní ọ̀gangan ibi tí àwọn tó ń ta ìwé àlòkù máa ń tẹ́ ọjà wọn sí, ilé kẹrin lọ́wọ́ òsì ni ilé Gbádérọ̀. Ilé oníyàrá mẹ́fà ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló là á já láàárín. Yàrá tó gbẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi Ọmọ́bọ́láńlé sí nígbà tó di ìyàwó ilé náà lọ́dún 1981, ibẹ̀ náà ló sì wà lọ́dún 1985 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ògiri ilé kejì ni fèrèsé rẹ̀ kọjú sí, ẹni tó bá na ọwọ́ jáde yóò fọwọ́ kàn án. Àárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri ló ki tábìlì ìkọ̀wé rẹ̀ bọ̀, àga sì fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Bó bá ti jókòó báyìí, kò sẹ́ni tó lè wọlé bá a, òun náà kò sì lè jáde àfi tó bá dìde tó gbé àga sórí bẹ́ẹ̀dì. Nínú ihò yẹn ló ti ń kọ ìwé nípa ogun.

Àwọn ará ilé ti bi í títí pé ìwé kí ni, ọ̀rọ̀ náà ti sú wọn. Ó ń kàwé gba oyè másítà ní yunifásítì, lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ ènìyàn ní bí a ti í ro ọ̀rọ̀ dé gbòǹgbò, tí wọ́n ń pè ní fìlọ́sọ́fì. Ìbéèrè tó gbé dání ni pé bí ogun bá ń jà, tí àwọn ológun wá ju àdó olóró sí àárín àwọn tí kò gbé ìbọn, ẹni tó lọ ra gààrí, ẹni tó ń fọmọ lọ́mú, ǹjẹ́ ìdí kan wà tó lè sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ di ohun tó tọ́? Bí kò bá sì sí, ọrùn ta ni ẹ̀jẹ̀ wọn wà? Ìyá ọkọ rẹ̀, Àmúdàtù, gbọ́ àlàyé náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní, ṣé ìyẹn náà nílò ìwé? Ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ká sòótọ́, ẹnu ìyá yẹn kò jìnnà sí ọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n Bọ́láńlé mọ ohun tó ń lé e. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí wọ́n fi í kọ́ṣẹ́ ìránṣọ fún àkókò ìsinmi lọ́dọ̀ obìnrin Ìgbò kan ní Dùgbẹ̀. Obìnrin náà ti gbé Ìbàdàn kí ogun abẹ́lé tó dé, ó sá lọ sílé, ó sì padà wá lẹ́yìn ogun pẹ̀lú ọmọ kan dípò mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan tí kò sí oníbàárà, ó sọ ọ́ fún Bọ́láńlé pé ìgbà tí àwọn méjì yòókù lọ ra ẹ̀gẹ́ lọ́jà lọ́sàn-án gangan ni ọkọ̀ òfuurufú dé, tó ju àdó olóró lu ọjà. Ó ń sọ ọ́, ó ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró. Nígbà tó parí, ó ní kí Bọ́láńlé bá òun wá ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń fa ìlà sáṣọ. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn Bọ́láńlé mọ́ títí tó fi dàgbà. Ohun tó bà á nínú jẹ́ jù ni pé kò sẹ́ni tí obìnrin náà lè na ọwọ́ sí pé ìwọ lo pa wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bàbá ọkọ rẹ̀ wàyí, torí orí rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Gbogbo wa la mọ̀ pé obìnrin tó bá wọlé ọkọ kì í pe ará ilé ọkọ ní orúkọ tí òbí wọn sọ wọ́n. Ọmọ tó ń rákò tó bá nílé pàápàá, orúkọ dídùn mìíràn ni yóò fi máa pè é. Bọ́láńlé kàwé o, ṣùgbọ́n ìwé kò ní kó pa àṣà tì. Ọ̀sẹ̀ tó wọlé náà ló ti fún gbogbo wọn lórúkọ. Bàbá ọkọ rẹ̀, Tàjúdéènì Gbádérọ̀, jẹ́ ọkùnrin dúdú tí ara rẹ̀ ń dán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ para. Bàbá Adúmáadán ló sọ ọ́. Orúkọ náà dùn mọ́ ọkùnrin náà débi pé òun fúnra rẹ̀ ló tàn án kálẹ̀, kò sì pẹ́ tí gbogbo Àgbówó fi ń pè é bẹ́ẹ̀, títí dé Ṣàngó níbi tó ti ń bá àwọn awakọ̀ ṣáàjì bátìrì. Láàárín ọdún mẹ́rin, ahọ́n Bọ́láńlé kò pe Tàjúdéènì lẹ́ẹ̀kan, bírò rẹ̀ kò sì kọ ọ́. Bí fọ́ọ̀mù kan bá béèrè rẹ̀, ẹlòmíràn ló máa ń bẹ̀ kó bá òun kọ ọ́.

Ọkùnrin náà fẹ́ràn rẹ̀, kì í ṣe ẹnu lásán. Akíndúró, ọkọ Bọ́láńlé, ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan ní Káńò, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló ń wálé. Nígbà tí Àmúdàtù ní kí ìyàwó tí kò tíì bímọ fi ìwé sílẹ̀ ná, Bàbá Adúmáadán ló ní rárá, kó máa kà á lọ. Òun ló ń ra epo sínú àtùpà rẹ̀ bí iná bá lọ. Ó ti ṣiṣẹ́ sójà òfuurufú rí, ó fẹ̀yìn tì ní 1975. Gbogbo ohun tí ilé mọ̀ nípa ìyẹn ni pé ó ń tún ọkọ̀ òfuurufú ṣe nígbà ogun. Kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bi í.

Lọ́dún 1985 yìí, àkókò ti ń tán lọ fún Bọ́láńlé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ti yunifásítì nítorí rògbòdìyàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún ọjọ́ síwájú fún un. Wọ́n ní kò tún sí ìkẹta. Bí ìwé rẹ̀ kò bá wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù Kẹfà, kó lọ sinmi nílé ọkọ. Dókítà Ajíbóyè, ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, ka ohun tó ti kọ, ó yìn ín lórí orí mẹ́ta àkọ́kọ́, ó sì fi bírò pupa fa ìlà gbọọrọ sórí orí kẹrin. Ó ní gbogbo ẹlẹ́rìí rẹ̀, òyìnbó ni wọ́n. Ogun jà nílé wa, ìwọ ń wá ẹlẹ́rìí lọ sí ìlú Jámánì. Ó ní kó lọ wá ẹnì kan, kó jẹ́ ẹnì kan péré, tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ológun ọkọ̀ òfuurufú, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ àwọn olùyẹ̀wò yóò dà á nù.

Ó wá a. Ó lọ sí Móníyà lọ bá sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọkùnrin náà fún un ní omi mu, ó sì sìn ín padà sí ibùdókọ̀ láì sọ ọ̀rọ̀ kan. Ìjọba sójà ló wà lórí oyè, ta ni yóò la ẹnu rẹ̀? Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó ń ṣa ẹ̀wà, omijé ń já sínú ẹ̀wà. Bàbá Adúmáadán ti mọ́ṣáláṣí dé, ó bá a bẹ́ẹ̀. Ó bi í pé kí ló ṣe é, Bọ́láńlé sì sọ ọ́. Ọkùnrin náà yí ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa àpótí ìjókòó kan, ó ní, "Lọ mú ìwé àti bírò rẹ wá."

Ó ní kì í ṣe ọkọ̀ òfuurufú ni òun ń tún ṣe nígbà ogun. Òun wà lára àwọn tó ń so àdó olóró mọ́ abẹ́ ọkọ̀, òun ló sì ń de irin kékeré orí rẹ̀, irin tó jẹ́ pé láìsí i, àdó náà kò lè bú. Ó ní òun lè dè é pẹ̀lú ojú dídì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n sọ fún wọn pé afárá kan ni wọ́n fẹ́ lọ fọ́. Nírọ̀lẹ́, awakọ̀ òfuurufú náà sọ̀kalẹ̀, ó béèrè omi, ó mu ife mẹ́ta. Ó ní ọjà ni, kì í ṣe afárá. Ó ní àwọn èèyàn ń sá tẹrùtẹrù lórí, wọn kò tilẹ̀ sọ ẹrù náà sílẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló gbọ́. Ìdájí ọjọ́ kejì, wọ́n tún ti àdó olóró dé lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù, apá ibì kan náà ni ọkọ̀ náà ń lọ. Sájẹ́ǹtì Gbádérọ̀ mú sìpánà rẹ̀.

Bọ́láńlé ń kọ ọ́, orí rẹ̀ tẹ̀ mọ́ ìwé kó má bàa wo ojú rẹ̀. Ó fẹ́ kó sọ pé wọ́n ì bá pa òun bí òun kò bá ṣe é. Bí ẹni pé ọkùnrin náà mọ ohun tó ń rò, ó ní ọmọ Ọ̀fà kan wà láàárín wọn tó sọ lọ́jọ́ kejì náà pé inú ń run òun, òun kò lè ṣiṣẹ́. Kò sí ohun tí wọ́n fi ọmọ náà ṣe. Wọ́n kàn gbé e lọ sí ilé ìdáná ni, ó sì ń dáná títí ogun fi parí.

"Kọ ọ́ dáadáa," Bàbá Adúmáadán ní. "Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, n kò mọ̀. Lọ́jọ́ kejì mo mọ̀, mo sì dè é. Lọ́jọ́ kẹta náà, mo dè é."

Nínú orí kẹta ìwé Bọ́láńlé, orí tí Dókítà Ajíbóyè yìn, ó ti kọ ọ́ láti oṣù Kìíní pé ẹni tó ṣiṣẹ́ láì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, ọwọ́ ẹni náà mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀, tí ààyè láti fà sẹ́yìn sì wà fún un, tó wá tún ṣe é, ẹ̀bi òun àti ti ẹni tó ju àdó náà dọ́gba. Lọ́jọ́ tó kọ gbólóhùn yẹn, inú rẹ̀ dùn débi pé ó kà á sókè sí ara rẹ̀. Kò mọ̀ pé ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn ń jẹun ní yàrá kejì.

Bàbá Adúmáadán wá bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ó ní, "Kí ni ìwé rẹ wí nípa irú èmi?"

Kí ni ẹ fẹ́ kí ọmọbìnrin yìí sọ? Ìyàwó ilé ni. Orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń kí ọkùnrin yìí láràárọ̀. Òun ha ni yóò jókòó ti abọ́ ẹ̀wà, tí yóò dá bàbá ọkọ rẹ̀ lẹ́bi ikú àwọn ọmọ ọlọ́mọ? Ó ní ìwé náà kò tíì parí. Irọ́ ni, orí kẹta ti dáhùn. Ọkùnrin náà ní ó dáa, bó bá parí kó sọ fún òun. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, tó ti dá a lóhùn, ohun tó máa ń tẹ̀ lé e ni, "Ìwé ńkọ́?" Bọ́láńlé á ní ó kù díẹ̀. Kò burú, ọkùnrin náà á wí, á sì múra Ṣàngó.

Dókítà Ajíbóyè ka ohun tí Bọ́láńlé kọ sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. Ó ní ohun tí òun ń wá nìyí. Kò béèrè ibi tó ti rí ẹlẹ́rìí náà, ó ní kò yẹ kí òun tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, torí àwọn sójà. Kó má kọ orúkọ rẹ̀, kó wá orúkọ mìíràn fi bò ó. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gbé ohun tó kọ ní orí kẹta lé ọkùnrin náà lórí, kó sì sọ ọ́ gbangba bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọn yóò ní ó ń sá fún ìdájọ́ ara rẹ̀.

Àmúdàtù pẹ̀lú ti gbọ́. Ògiri ilé yẹn kò nípọn. Ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ti ilẹ̀kùn tó fi kan ẹ̀yìn àga Bọ́láńlé, ó sì sọ̀rọ̀ láti àlàfo ilẹ̀kùn náà. Kò pariwo. Ó ní òun ti bá ọkùnrin yẹn sùn fún ọgbọ̀n ọdún, òun mọ ohun tó máa ń sọ lójú oorun, òun kò sì fi ta ẹnikẹ́ni lólobó. Ó ní bí Bọ́láńlé bá fi ọkọ òun ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀ nínú ìwé tí àwọn àlejò yóò máa kà, kó yáa mọ ibi tí yóò kó ẹrù rẹ̀ sí. Bọ́láńlé kọ lẹ́tà sí Akíndúró. Èsì dé lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá, ìlà mẹ́rin péré. Ó ní kó yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò, tàbí kó ní sójà kan ní Káńò ló sọ ọ́, kó sì yí ìtàn rẹ̀ padà. Ó kí i, ó ní òun ń bọ̀ ní oṣù Kẹjọ.

Bọ́láńlé gbìyànjú. Ẹ má rò pé kò gbìyànjú. Ó fi ọjọ́ mẹ́rin wá àwíjàre fún ọkùnrin náà. Ó kọ ọ́ pé àṣẹ ni wọ́n pa fún un. Nígbà tó kà á, ó rí i pé àṣẹ kan náà ni wọ́n pa fún awakọ̀. Ó kọ ọ́ pé ó níyàwó ó lọ́mọ, owó oṣù ni wọ́n fi ń jẹun. Awakọ̀ náà ha kò lọ́mọ? Ó kọ ọ́ pé bí òun kò bá dè é, ẹlòmíràn yóò dè é. Gbogbo wọn ló lè sọ bẹ́ẹ̀ títí kan ọ̀gá tó pàṣẹ. Ilẹ̀kùn tó bá ṣí fún Bàbá Adúmáadán, gbogbo wọn ló ń gba ibẹ̀ jáde tẹ̀lé e, tó fi jẹ́ pé nígbà tó parí, kò sẹ́ni tó pa àwọn ọmọ aránṣọ Dùgbẹ̀. Wọ́n kàn kú ni. Ó ya ewé náà. Inú ń bí i sí ìwé, sí ọkọ, sí ara rẹ̀. Ó dìde láti jáde lọ gba afẹ́fẹ́, ó gbàgbé àga, ó fi orúnkún gbá a, ó sì tún padà jókòó.

Ó kọ ìdájọ́ náà bó ti yẹ kó kọ ọ́. Níbi tó ti kan orúkọ tí yóò fi bo ẹlẹ́rìí, kò tilẹ̀ ronú. Ọwọ́ rẹ̀ kọ Adúmáadán. Orúkọ ọkùnrin náà ni Tàjúdéènì Gbádérọ̀, orúkọ tí òun kì í pè, orúkọ tí òun kò sì kọ. Nítorí náà lójú tirẹ̀, ó ti fi ọkùnrin náà pamọ́. Dókítà Ajíbóyè tó ń gbé Bódìjà ní orúkọ náà dùn. Ìyàwó ilé nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe yìí. Orúkọ tó fi bò ó ni orúkọ tí gbogbo Àgbówó mọ̀ ọ́n sí, àwọn tí kò tilẹ̀ mọ Tàjúdéènì láéláé.

Sàídátù ló ń bá a fi táípù tẹ ìwé náà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú títì, ẹ̀rọ méjì, bẹ́ǹṣì kan fún àwọn tó ń dúró. Ọwọ́ rẹ̀ yá, kì í sì í ronú sí ohun tó ń tẹ̀, ìyẹn la fi ń mọ ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ Túsìdeè tó ṣáájú ọjọ́ Jímọ̀ tí ọjọ́ pé, Bọ́láńlé lọ sí Bódìjà lọ gba àtúnṣe lọ́wọ́ Dókítà, ó ní bí òun bá ń bọ̀ ni òun yóò gba orí kẹrin. Bàbá Adúmáadán tètè ti Ṣàngó dé lọ́jọ́ náà. Ó mọ̀ pé ìyàwó ọmọ òun ń sáré kiri, ó ní kí òun bá a gbà á, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè sinmi díẹ̀.

Sàídátù ló sọ bó ṣe lọ fún Bọ́láńlé lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ẹkún. Ó ní bí òun ti rí bàbá náà, òun bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé orúkọ rẹ̀ mà ti wọ ìwé òyìnbó, Adúmáadán kan wà níbẹ̀. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ni wọ́n wí nípa rẹ̀? Sàídátù bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀. Ìgbà tó fi dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà, kò lè dúró mọ́, torí bàbá náà ti ní kó máa kà á lọ.

Bọ́láńlé dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó rí ẹ̀yìn fìlà ọkùnrin náà níbi tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, láàárín obìnrin méjì tó wá tẹ lẹ́tà. Ohùn Sàídátù ti wálẹ̀ gan-an. Ó ń sọ pé nítorí pé Adúmáadán mọ̀ lọ́jọ́ kejì, tí ọmọ Ọ̀fà náà sì ti fi hàn pé èèyàn lè kọ̀, ẹ̀bi rẹ̀ àti ti awakọ̀ dọ́gba, kò fi bébà kan yàtọ̀. Àwọn obìnrin méjì náà ń wo ilẹ̀. Bàbá Adúmáadán dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Sàídátù, ó to àwọn ewé náà gún régé, ó sì kó wọn sínú àpò tó fi ń gbé irinṣẹ́ rẹ̀. Ó síwájú, ìyàwó tẹ̀ lé e. Àwọn ará àdúgbò ń kí i lójú ọ̀nà, Bàbá Adúmáadán, ẹ kú àbọ̀, ó sì ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí wọ́n délé, Bọ́láńlé sá wọ yàrá. Ọkùnrin náà kì í wọ yàrá ìyàwó ọmọ rẹ̀, kò sì wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn náà. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó na àwọn ewé náà sí i. Bọ́láńlé ti wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín àga àti bẹ́ẹ̀dì, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ń sunkún, ó ní òun yóò ya á, òun yóò fi yunifásítì sílẹ̀, òun kò gba oyè mọ́.

"O ò gbọdọ̀ ya á," Bàbá Adúmáadán ní. "Òótọ́ lo kọ. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń retí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún mi. Láràárọ̀ ni mo ń bi ọ́, Ìyàwó mi. Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹnu Sàídátù ni mo ti gbọ́ ọ?"

Bọ́láńlé ti rò pé àánú ni òun ń ṣe é. Ìtìjú bò ó bámúbámú, ó ju ti gbogbo ìdájọ́ tó kọ lọ. Ọkùnrin náà fi ara ti férémù ilẹ̀kùn, ó jọ pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Ìwé rẹ ní mo jẹ̀bi. Ó dáa, mo gbọ́," ó ní. "Kí ló wá ní kí n ṣe?"

Ojú ìwé mẹ́tàlélógóje ni Bọ́láńlé ti kọ. Ó ti ka gbogbo àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ òkèèrè, ó mọ ẹni tó sọ pé ogun tọ́ àti ẹni tó sọ pé kò tọ́, ó mọ bí a ti ń pín ẹ̀bi láàárín olùpàṣẹ àti ẹni tí a pàṣẹ fún. Ó wá gbogbo rẹ̀ nínú orí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin níbi tó kúnlẹ̀ sí. Kò sí ìlà kan tó sọ ohun tí ẹni tó jẹ̀bi yóò ṣe bí ilẹ̀ bá mọ́.

"Kò sí níbẹ̀, Bàbá," ó ní.

"Kò sí?" Ó rò ó wò. "Lọ kọ ọ́ sí i nígbà náà. Mo wà níbí."

Bọ́láńlé fi gbogbo ọjọ́ Àlàmísì jókòó ti bébà òfìfo. Ó rò ó pé kí ọkùnrin náà lọ tọrọ àforíjì. Lọ́wọ́ ta ni? Aránṣọ Dùgbẹ̀ ti kó lọ láti ọdún mẹ́fà, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà, bó bá sì tilẹ̀ wà, ta ló fún un láṣẹ láti dárí jì lórúkọ gbogbo ọjà? Ó rò ó pé kó ṣe sàráà. Láti 1970 ni Bàbá Adúmáadán ti ń ṣe sàráà lọ́jọọjọ́ Jímọ̀, ojú ilé ni wọ́n ń pín in. Kó gbàgbé? Ohun tó ti ń gbìyànjú láti ṣe nìyẹn. Kò rí ìlà kan kọ tí kò ní tì í láti kà sí ọkùnrin náà létí. Àmúdàtù gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láì sọ̀rọ̀, kò sì sọ ọ́ mọ́ pé kó kó ẹrù rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó gbé ìwé náà wọlé bó ti wà. Àwọn olùyẹ̀wò pè é ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n bi í ní ìbéèrè fún wákàtí méjì, ó dáhùn gbogbo rẹ̀. Wọ́n yìn ín. Wọ́n ní orí kẹrin yẹn ni kò jẹ́ kí ìwé náà dà bí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ní ó ti gba oyè. Dókítà Ajíbóyè bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ti ń kó ìwé wọn jọ láti lọ jẹun, àgbàlagbà olùyẹ̀wò kan tó ti yunifásítì mìíràn wá bi í, bó ti ń wá dígí ojú rẹ̀ nínú àpò, pé níbo ni Adúmáadán ọ̀hún wà báyìí.

"Wọ́n wà nílé, sà," Bọ́láńlé ní. "Wọ́n ń dúró dè mí."